Ilẹ̀kùn Ìyá Triinu

Ẹ dákun, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ohun kan bà jẹ́ nílé yín, tó sì ti mọ́ yín lára.

1. Ní àárọ̀ Sátidé kan, Kalju dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Hiiumaa, erékùṣù wọn ní Estonia. Ó sọ̀kalẹ̀, ó dúró. Helve, ìyàwó rẹ̀, ń rá kòrò bọ̀ lórí ìjókòó awakọ̀, nítorí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ti há láti ìgbà ooru.

"Bàbá Triinu, ìyàwó ni mo jẹ́ fún ọ ni àbí ológbò?"

"Ológbò tó ń sanra ni!"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

2. Triinu, ọmọ wọn, pè láti Luxembourg.

"Bàbá mi, ọkọ̀ yẹn dàgbà jù mí lọ! Níbí, tí ọkọ̀ bá ti pé ọdún mẹ́jọ, wọ́n á máa wojú ẹ pé kí lo ń dúró dè."

"Tiwa ń pé ogún ọdún, ó sì ń rìn. Ẹ̀yin ń pààrọ̀ ọkọ̀ bí aṣọ."

"Mi ò ní kí ẹ pààrọ̀ ọkọ̀. Ilẹ̀kùn màámi ni kí ẹ ṣe."

"Tí òtútù bá lọ."

Kò purọ́. Ó ti ra lọ́ọ̀kù tuntun. Ó wà lójú fèrèsé ilé ìdáná.

3. Nínú oṣù Kejì, òtútù mú kí òkun dì gbagidi, ìjọba sì ṣí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà lórí rẹ̀. Gbogbo ará Hiiumaa ló mọ òfin ibẹ̀: má de bẹ́líìtì, kí o lè tètè bẹ́ síta tí omi dídì bá là. Nígbà tí àwọn náà gba ibẹ̀, Kalju tú tirẹ̀, Helve tú tirẹ̀. Ọkọ̀ ń rọra lọ. Wọn ò rú òfin kankan.

Àmọ́ ọwọ́ Helve ò kúrò lára ilẹ̀kùn tó há.

"Ọkàn mi ò balẹ̀."

"Ìyá Triinu, ìgbà wo lọkàn ẹ balẹ̀ rí?"

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n gúnlẹ̀ ni omi dídì náà là lábẹ́ wọn. Kalju ti bẹ́ síta kó tó mọ̀ pé òun bẹ́. Ó yíjú padà, ó nawọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń rá kòrò bọ̀ lórí ìjókòó, bó ti máa ń ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá Triinu, dúró dè mí!"

Ìka wọn kan ara wọn. Ọkọ̀ sì rì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe ogbó ọkọ̀ ló pa Helve. Ohun tí wọ́n ti sọ di àwàdà ni. Èyí tí ẹ̀yin náà ń fi rẹ́rìn-ín nílé yín, ẹ tún un ṣe lónìí. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Lọ́ọ̀kù tuntun yẹn ṣì wà lójú fèrèsé Kalju, nínú ọ̀rá rẹ̀.