Ìbéèrè Keje

Láídé jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tí Ìyá Sagbo ti ń yan ẹja ní Ajido, ó gbé ìwé ìbéèrè lé itan. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ìlera ni. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ará ìlú ń rò nípa ìtọ́jú àrùn ọpọlọ, òun ni wọ́n sì ní kó to àwọn ìbéèrè náà, kó kọ́kọ́ dán wọn wò lọ́dọ̀ ẹni tí kì í fọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ti fẹ́ yọ ìkeje kúrò. Sagbo, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ló ní kó fi í sílẹ̀.

Sagbo wà nídìí àwọ̀n tó ń tún ṣe, kò gbójú sókè.

"Màmá, ṣé ẹ lè ra ẹja lọ́wọ́ ẹni tó ń lo oògùn ọpọlọ?"

"Tí ẹja ẹ̀ bá tóbi!" Ìyá Sagbo rẹ́rìn-ín. "Béèrè èyí tó le, ìyàwó wa. Àtìgbà tó o ti ń yà sọ́dọ̀ wa lójoojúmọ́ ni ọmọ mi ti ń sùn. Tẹ́lẹ̀, etí omi ló máa ń rìn kiri títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìfẹ́ mà dáa o!"

Láídé kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Sátidé ni àwọn ẹbí Sagbo máa lọ tọrọ rẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ ní Ajara.

"Ìkeje. Ṣé ẹ lè jẹ́ kí ẹni tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ fẹ́ ọmọ yín?"

Ọwọ́ Sagbo dúró lórí àwọ̀n.

"Kí wọ́n wá bí wèrè fún mi? Láéláé!"

"Tí ara ẹ̀ bá ti yá ńkọ́?"

"Tára ẹ̀ bá ti yá, kí ló ń lo oògùn sí?"

Láídé ki ọwọ́ bọ báàgì kó lè mú bírò. Páálí oògùn kékeré kan bọ́ sílẹ̀. Ìyá Sagbo mọ̀ ọ́n. Àbúrò rẹ̀ tó kú sí Topo lo irú rẹ̀ rí.

"Háà! Ọ̀rọ̀ ara ẹ lò ń bi mí!" Ó dìde. "Ẹnikẹ́ni ò ní lọ sí Ajara lọ́jọ́ Sátidé. Sagbo, ní kó máa lọ sílé wọn!"

Láídé wo Sagbo. Òun ti ṣèlérí fún un pé ọ̀rọ̀ náà ò ní ti ẹnu òun jáde.

Sagbo gbé àwọ̀n kalẹ̀, ó mú páálí náà nílẹ̀, ó yọ hóró kan, ó bu omi nínú ìkòkò ìyá rẹ̀, ó sì gbé hóró náà mì lójú ìyá náà, bó ti ń gbé e mì lẹ́yìn ilé láti ọdún tó kọjá nígbàkigbà tí Láídé bá gbé e dé.