Ẹni Tó Kọ́kọ́ Pín In

Wọ́n jí iṣẹ́ ọwọ́ Ibtihal. Ètò kọ̀ǹpútà kan ni, tó ń júwe fún aránṣọ bí yóò ṣe to àwòṣe sórí aṣọ kí àjákù má baà pọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ìgbà tó di opó ló jókòó ti kọ̀ǹpútà nílé rẹ̀ ní Mansura, nílẹ̀ Íjíbítì, tó ń ṣe é, tó ń bà á jẹ́, tó ń tún un ṣe, títí ó fi dáa. Shukri, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń gbé e kiri tà fún àwọn aránṣọ. Nígbà tó yá, Shukri ní ọjà ò tà mọ́, ẹ̀dà olè ti gba ìgboro. Ibtihal dá àwọn ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ padà sílé wọn. Ilé tó ń gbé nìkan ló kù tó lè tà.

"Màmá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún Ọlọ́run," Shukri wí. "Ẹjọ́ á kàn mú kí ẹ̀jẹ̀ yín ru ni."

Kò fi wọ́n sílẹ̀. Ó fẹjọ́ sun, ó sì tẹ̀ lé ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Hatem, lọ sí ṣọ́ọ̀bù Dusuki aránṣọ ní Mahalla. Ètò náà wà lójú kọ̀ǹpútà gbangba.

"Olè!" Ibtihal pariwo. "Iṣẹ́ mi lo fi ń jẹun!"

Dusuki ò tilẹ̀ mira. "Àlájà, ẹ rọra. Ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀."

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: Ẹni tó bá lo ètò yìí, kó ka Fátíhà fún ìyá tó ṣe é. Ó ti dolóògbé. Sàráà rẹ̀ nìyí.

"Àràárọ̀ la ń kà á," Dusuki wí. "Ẹni tó wá fi í sí kọ̀ǹpútà wa, owó iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló gbà. Ẹ̀yin wá fẹ́ gbowó lórí sàráà òkú? Ojú ò tiẹ̀ tì yín!"

"Òkú wo? Ṣé òkú ló ń bú ẹ yìí?"

Ìyàwó Dusuki bú sẹ́rìn-ín nídìí áyọ́ọ̀nù.

Hatem gba káàdì ìdánimọ̀ Ibtihal wò. "Ibtihal ló wà níbí. Kò sọ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é."

"Ta ni ìbá ti gbọ́ orúkọ mi? Ọmọkùnrin wo nílẹ̀ wa ló ń pe orúkọ ìyá rẹ̀ láàárín ọjà?"

Hatem mọ̀ pé òótọ́ ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ òun náà ò mọ orúkọ ìyá rẹ̀.

"Ẹ gbọ́, Àlájà. Bí ẹni tó ni ín bá wà láàyè, ẹni tó kọ́kọ́ pín in ń lọ sẹ́wọ̀n, mà á sì ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa. Bó bá ti kú, tí ajogún rẹ̀ sì yọ̀ǹda ẹ̀, kò sẹ́jọ́. Àmọ́ ẹni tó bá pe ara ẹ̀ ní olóògbé láti fi gbowó, èmi àti ẹ̀ la jọ ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá."

Ara Ibtihal balẹ̀. "Ẹ pe ọmọ mi. Shukri á sọ fún yín."

Hatem gbé fóònù sórí tábìlì, ó jẹ́ kí gbogbo wọn máa gbọ́ ọ, ó sì fọwọ́ ṣe àmì sí Ibtihal pé kó dákẹ́.

"Shukri, ọlọ́pàá ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀. A ń wá ẹni tó kọ́kọ́ pín ètò tó ń to àwòṣe aṣọ. Ìyá ẹ tó ṣe é ńkọ́?"

Fèrè ọkọ̀ ń dún lọ́dọ̀ Shukri.

"Ìyá mi ti kú, ọ̀gá, èmi ni mo fi í ṣe sàráà fún un," ló wí, ni Ibtihal bá fi ọwọ́ méjèèjì gbá fóònù náà mú: "Shukri, èmi nìyí, dá mi lóhùn!"