Ìdí Tí Dókítà Saifudeen Fi Yan Iṣẹ́ Oògùn Oorun

Ọ̀la ni intafíù Dókítà Saifudeen. Ó fẹ́ di ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó ń kun aláìsàn lóorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Ó wọ kóòtù nínú ooru àdúgbò wa ní Takie, ó ní kí n máa bi òun ní ìbéèrè.

"Kí ló dé tó o yan iṣẹ́ yìí?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ìyá mi ni. Wọ́n fún un ní oògùn oorun tó pọ̀ jù, kò sì jí mọ́."

Omijé ń dà pòròpòrò lójú rẹ̀.

Ojú tó gbẹ táútáú lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ̀ nìyẹn o!

Mo pòṣé sínú. Eré ìtàgé ni kò bá lọ kọ́.

Ó nu ojú. "Ṣé ẹ rò pé wọ́n á gbà mí, Màámi?"

"Wọ́n á gbà ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbà ọ́, má pè mí o. Òkú kì í gbé fóònù."