Ọkọ Tó Fẹ́ Sìmẹ́ńtì

Ìyàwó gbá ọkọ rẹ̀ láṣọ mú bó ṣe ń yọ́ gbé ìrọ̀rí kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lọ sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì lọ́sàn-án gangan.

"Baálé mi, ṣé mò ń rùn ni? Nígbà tá a ṣègbéyàwó, ẹ kì í jẹ́ kí atẹ́gùn gba àárín wa kọjá."

"Ooru ni, olólùfẹ́. Èmi náà ni mò ń wọ̀n ọ́n níbi iṣẹ́ ojú ọjọ́ tí mò ń ṣe. Ilé ń pọ̀, igi ń tán, ọdọọdún ló ń le sí i nílùú yìí."

"Ẹ wọn ìfẹ́ náà wò!" Ló bá bú sórin: "Ọkọ mi kọ̀ mí o, sìmẹ́ńtì ló fẹ́!"

Ọkọ dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ó rọra fà á sọ̀kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Sìmẹ́ńtì tutù bí omi kànga. Orin dákẹ́. Ìyàwó nà gbalaja, ó mí kanlẹ̀.

Ọkọ gbọ́wọ́ lé e léjìká.

"Ẹ jọ̀ọ́, baálé mi," ó ní, "ẹ padà sórí bẹ́ẹ̀dì."