Ọfà Ẹ̀bá Kànga

Ọjọ́ tí Abdulmateen gbé ọrun wálé, ìyá rẹ̀, Bàríkísù, ń din wàrà ní ẹ̀yìnkùlé. Epo ń ta sókè, kò sì yẹra fún un. Ó ti pẹ́ tí epo ti ń ta sí i lára. Àpá tó fi sílẹ̀ fún un lápá, Abdulmateen ti mọ̀ ọ́n láti kékeré.

"Ta ló fún ọ?"

"Bàbá Ádámù ni, lẹ́yìn odò Asà. Wọ́n ní àwọn máa kọ́ mi ní ọfà títa ní Sátidé Sátidé."

"Fóònù tó ò ń tún ṣe ní Challenge ò tó ọ í ṣe, àbí?"

Abdulmateen fi ọrun náà ti ògiri. Àwọn méjèèjì mọ ìdí tó fi fẹ́ kọ́ ọ. Ilé kéwú ló wà lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ lóṣòó sẹ́bàá kànga ẹ̀yìnkùlé, tó ń ṣe àlùwàlá mágírìbì, tí ọfà kan fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Gbogbo ọkùnrin tó ní ọrun ládùúgbò ni ọlọ́pàá pè, wọ́n sì tú gbogbo wọn sílẹ̀. Àlùfáà ní kádàrá ni. Nígbà tí ẹjọ́ náà kò lójú mọ́, àbúrò bàbá rẹ̀ gba ọfà náà pamọ́, ó sì gbé e lé Abdulmateen lọ́wọ́ nígbà tó dàgbà. Ọjọ́ náà ni Abdulmateen búra pé òun á rí ẹni tó ni ín, òun á sì dá a padà fún un lọ́nà tó gbà wá.

Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kú, ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í fa omi ní kànga náà nírọ̀lẹ́. Síbẹ̀, bí mágírìbì bá ti ń sún mọ́lé, wọn a máa gbọ́ ọ tí búútà àlùwàlá ń ró lórí sìmẹ́ńtì níbẹ̀, bíi pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kalẹ̀. Etí òsì ìyá rẹ̀ ti di láti òru kan tí ọkọ rẹ̀ bínú sí i, ó ní òun ṣubú ní balùwẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Á yíjú wo ẹ̀yìnkùlé.

Bàbá Ádámù ti ṣọdẹ rí. Ó gbé àpò tó ki koríko sí kalẹ̀, ó ní kí Abdulmateen fi ọwọ́ òsì di ọrun mú, kó fi ọ̀tún fa ọṣán, okùn ara ọrun náà.

"Fífà ni mo ní kó o fà á," ni bàbá wí. "Mi ò ní kó o bá a jìjàkadì."

Nígbà tó ta á, ọṣán náà nà án nínú apá òsì tó fi di ọrun mú. Ó nà án lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó máa fi délé, ibẹ̀ ti wú, ó ti pọ́n gbọọrọ. Ìyá rẹ̀ bu òrí, ó ń fi pa á fún un.

"Yí ìgúnpá rẹ síta díẹ̀ tó o bá ń fà á," ló sọ. "Kò ní nà ọ́ mọ́."

Ó dìde lọ wo iná.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Ádámù wò ó títí. "O ti yí ìgúnpá síta. Òun ni mo fẹ́ kọ́ ọ lónìí. Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo kàn ṣe é bẹ́ẹ̀ ni." Ó wù ú kí bàbá yìn ín.

Ọwọ́ rẹ̀ wá mọ́ ọn débi pé ọfà rẹ̀ kì í tàsé àpò mọ́. Ìgbà náà ló tó fa ọfà àtijọ́ náà yọ nínú aṣọ tó fi wé e, tó sì sọ ohun tó gbé òun wá. Bàbá Ádámù fi ìka tẹ òwú tí wọ́n fi so ìyẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀.

"Òsì ni òwú yìí yí sí. Ọlọ́wọ́ òsì ló so ó."

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Nínú gbogbo ọkùnrin tí mo mọ̀ tó ń tafà nílùú yìí, kò sí ọlọ́wọ́ òsì kankan. Ilé ta ni wọ́n ti máa gbà fún ọmọ kó lo òsì? Wọn á nà án títí tó fi máa fi ọ̀tún jẹun, tó máa fi ọ̀tún gba nǹkan, tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ mọ́. Àmọ́ tó bá di ti ọrun, ọwọ́ tí wọ́n bí mọ́ ọn ló máa lò."

"Báwo ni mo ṣe máa wá dá a mọ̀?"

Bàbá mú apá òsì rẹ̀, ó fi ìka tọ àpá tó wà níbẹ̀. "Èmi náà ní in. Apá tó bá di ọrun mú ni ọṣán ń nà. Ti ọlọ́wọ́ òsì, inú apá ọ̀tún ló máa wà, kò sì ní parẹ́."

Abdulmateen sáré wálé. Mágírìbì ti kù dẹ̀dẹ̀. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, kò fi ẹyọ kan pa mọ́. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ títí dópin.

"Tó o bá wá rí i ńkọ́?"

"Màá dá ọfà rẹ̀ padà fún un, Màámi. Mo ti búra."

"O ò sì ní tàsé?"

"Bàbá Ádámù ní mi ò lè tàsé mọ́."

Ìyá rẹ̀ mi orí. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì hàn lójú rẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Ó dáa. Fa omi kànga sínú búútà, wá da á fún mi kí n ṣe àlùwàlá."

Kò bẹ̀ ẹ́ nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù ba Abdulmateen, ṣùgbọ́n ó fa omi náà.

Bàríkísù lóṣòó síbi tí ọkọ rẹ̀ lóṣòó sí lọ́jọ́ náà, ó ká apá aṣọ rẹ̀ kọjá ìgúnpá, ó na apá ọ̀tún sí ọmọ rẹ̀ kó da omi sí i, Abdulmateen sì rí i pé àpá tó ti ń pè ní ti epo wàrà láti kékeré tọ́ bí okùn, ó gùn gbọọrọ nínú apá náà, ojú ibi tí ọṣán ti na òun ní òsì gan-an ni.