Táyé Ò Wá Kọrin

"Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ máa yan orin fún mi?"

Àǹtí Dámilọ́lá, tíṣà tuntun n'Ísọlọ̀, ti gbaná jẹ.

Orin ìbejì ló mú fún ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Kẹ́hìndé á dá a, Táyé á wá láti ilé, á máa gbè é.

Màmá Àjíbíkẹ́, ìyá àgbà Kẹ́hìndé, ranjú mọ́ ọn.

"Ẹ wá orin mìíràn. Kẹ́hìndé ò ní kọ ìyẹn."

"Á kọ ọ́! Ẹ ṣáà mú Táyé wá. Níbo lẹ fi í pamọ́ sí?"

"Ó lọ ra iyọ̀."

"Iyọ̀ wo? Ṣé ọjà Bọ́ládé ló ti lọ rà á ni, tí ò fi tètè dé?"

Ohùn Màmá lọ sílẹ̀.

"Ta ló tọ́ ìwọ ọmọ yìí? A kì í sọ pé ìbejì kú. Iyọ̀ la máa ń ní ó lọ rà."