Òrùlé Tí Mai Sanyi Gé

Ẹ dákun, ẹ má já ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún nǹkan ṣe fún ọmọ ènìyàn. 

1.
Ọmọ Ìlọrin ni Mùhyídéènì, mẹkáníìkì ní Kofar Marke, nílùú Sókótó. Ọkọ̀ agbẹ́rù ló ń tún ṣe, èyí tó ní irin gígùn méjì níwájú tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè nílé ìkẹ́rùsí. Àgọ́ tí awakọ̀ ń jókòó sí gan-an ni iṣẹ́ tirẹ̀: àga tó ya, bẹ́líìtì tó já, gíláàsì tó fọ́. Ó mọṣẹ́, a ò lè purọ́ mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Sókótó rí mọ ooru ibẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Inú àgọ́ yẹn a máa gbóná bí ààrò. Ni Mùhyídéènì bá dá ọgbọ́n kan. Ó tú éésì lára àwọn mọ́tò tó ti kú, ó gé àwọn irin àárín òrùlé àgọ́ kúrò, ó gbé éésì sí ojú ihò náà, ó fi páànù fẹ́lẹ́ bò ó, ó sì kùn ún lọ́dà. Tí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà láti ìlú òyìnbó nìyẹn.

Àwọn awakọ̀ yọ̀ mọ́ ọn. "Mai Sanyi!" ni wọ́n ń pè é, ẹni tó ni òtútù. Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn débi pé, bí wọ́n bá pè é ní Mùhyídéènì, kì í tètè dáhùn mọ́.

2.
Bàbá Aminah nìkan ni kò bá wọn yọ̀. Àgbàlagbà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Mùhyídéènì. Lọ́jọ́ tí Mùhyídéènì ní kó wá bá òun gé òrùlé kan, ó wò ó, ó gbé iná ìgérin sílẹ̀.

"Mùhyídéènì, irin yìí kì í ṣe ti oòrùn o. Tí ẹrù bá já látòkè, òun ló ń gbà á kó má balẹ̀ sórí awakọ̀. Mi ò ní gé e."

"Haba, Bàbá Aminah! Ẹ̀rù ti ń bà yín jù. Ìgbà wo lẹ rí ẹrù tó já?"

"Pé a ò tíì rí i kò ní kó má ṣẹlẹ̀."

Mùhyídéènì rẹ́rìn-ín, ó mú iná náà nílẹ̀, ó gé òrùlé náà fúnra rẹ̀. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ bàbá ò wọ̀ ọ́ létí. Ó wọ̀ ọ́ létí dáadáa.

3.
Mùhyídéènì ní àbúrò kan, Ibraheem, ọmọ ìyá rẹ̀. Mùhyídéènì ló mú un wá láti Ìlọrin, òun ló bá a wá iṣẹ́ awakọ̀ sílé ìkẹ́rùsí kan lápá Kofar Rini, òun náà ló dúró fún un nígbà tó ń fẹ́ Balkis. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ibraheem dé sí ṣọ́ọ̀bù, òógùn bò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi fi éésì sí tèmi náà. Tàjúdíìn ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń wakọ̀ ti ní, gbogbo wọn níbi iṣẹ́ wa ti ní."

Ọwọ́ Mùhyídéènì dúró lẹ́nu iṣẹ́.

"Rárá. Tìẹ ò nílò ẹ̀."

"Kí ló dé? Ṣé èmi ni mo wá di àjèjì?"

"Mo ní rárá, Ibraheem! Lọ fara da ooru."

Ibraheem bínú lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ ka ibẹ̀ yẹn. Ohun tó ń ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ tẹ̀ríntẹ̀rín, kò jẹ́ ṣe é fún ọmọ ìyá rẹ̀! Ó lè sọ fún un pé ikú ló wà lórí àgọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́, orúkọ Mai Sanyi ti parí nìyẹn, ló bá pa ẹnu mọ́.

4.
Níbi iṣẹ́ Ibraheem, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń lọ kírun, kí iṣẹ́ má baà dúró. Lọ́jọ́ kan tí ooru mú kọjá bó ṣe yẹ, ó kan Tàjúdíìn láti lọ. Ibraheem rí ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lófìfo, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ jáde níbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú tirẹ̀, ó wọ ti Tàjúdíìn.

"Tí ẹ̀gbọ́n mi ò bá fún mi, Ọlọ́run ti fún mi," ló wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ó gbé àpò ajílẹ̀ sókè láti tò ó lé àwọn yòókù. Àwọn àpò tó wà lókè pátápátá yẹ̀, wọ́n já lu òrùlé. Páànù fẹ́lẹ́ yẹn ò lè gba nǹkan kan. Àtàpò àtéésì ló wọlé bá a.

Wọ́n pe Mùhyídéènì lórí fóònù: "Mai Sanyi, ẹ máa bọ̀! Òrùlé ọkọ̀ Tàjúdíìn ti wó!"

Ó sáré lọ, irọ́ tó máa pa ló ń rò lọ́nà. Ìgbà tó dé ẹnu géètì, ta ló rí? Tàjúdíìn! Ó dúró lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó káwọ́ lérí, ó ń sunkún.

"Tàjúdíìn, ìwọ rè é? Ta ló wà nínú ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, àbúrò yín ni."

Mùhyídéènì ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀.

5.
Ibraheem ò kú. Ṣùgbọ́n láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, kò mọ nǹkan kan lára mọ́ títí dòní. Nígbà tó lajú nílé ìwòsàn, Balkis ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i, Mùhyídéènì sì dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ tí mo bẹ̀ yín tẹ́ ẹ kọ̀, ṣé ẹ mọ̀ pé ó lè rí báyìí?"

Mùhyídéènì sorí kọ́. Ọwọ́ Balkis dúró lórí abẹ̀bẹ̀.

"Ẹ mọ̀," ni Ibraheem wí. Ó yíjú sí ògiri, kò sì pè é ní ẹ̀gbọ́n mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mùhyídéènì ti lọ kiri gbogbo ilé ìkẹ́rùsí, ó ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ àwọn ọkọ̀ yẹn mọ́. Kò sẹ́ni tó ń gbé iṣẹ́ fún un mọ́.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tún ọkọ̀ ṣe, tẹ́ ẹ̀ ń fa iná, tẹ́ ẹ̀ ń kọ́lé, mo kìlọ̀ fún yín o! Ohun tí ẹ ò bá lè ṣe fún ọmọ ìyá yín, ẹ má ṣe é fún ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ sọ ọ́ jáde lónìí, kí ìtìjú tó di ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá sọ òkò sáàárín ọjà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.